Ìpàdé Orí Rédíò Kò Tíì Parí Bí Ẹ Kò Bá Jẹ́rìí Sí I: Ìtọ́sọ́nà fún Ham Tuntun ní Èkìtì

Ẹ kú oríire láísẹ́ǹsì tuntun, ẹ ti di ham, ẹni tó ń fi rédíò tirẹ̀ bá àwọn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ káàkiri ayé fún ìgbádùn. Fọ́ọ̀mù NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, ti kọjá, ìdúró ti kọjá, àmì ìpè tó fi 5N bẹ̀rẹ̀ ti di tiyín. Ẹ ti na wáyà láti orí igi mángòrò ẹ̀yìnkùlé dé orí òpó, ẹ ti pe CQ, ìpè sí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́, ẹnìkan láti òkèèrè sì ti dáhùn. Ó sọ bí ó ṣe ń gbọ́ yín, ẹ sọ bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ, ẹ dágbére fúnra yín. Ọ̀pọ̀ ham tuntun á pa rédíò níbẹ̀, wọ́n á ní ó parí. Kò tíì parí o.

Ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀ yẹn ń retí ẹ̀rí. Ó fẹ́ kí ẹ jẹ́rìí pé lóòótọ́ lẹ jọ pàdé, ní ọjọ́ báyìí, ní aago báyìí, lórí báńdì (ìpín ìgbì rédíò) báyìí. Ohun tí à ń pè ní QSL nìyẹn. Nínú àwọn àmì Q tí àwọn onítẹligíráàmù àtijọ́ fi lé wa lọ́wọ́, QSL túmọ̀ sí pé "mo ti gbà á." Àwọn baba wa náà ní àroko. Bí ẹnìkan bá di owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ tó fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ ti mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ fà sí yín. Káàdì QSL kò jìnnà sí i: ohun kékeré tí a lè fọwọ́ mú, tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ẹni méjì tí kò rí ojú ara wọn rí.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ní Èkìtì gan-an. Àwọn ham tó ń sọ̀rọ̀ láti Nàìjíríà kò pọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ẹni tó ń lé àmì ẹ̀yẹ DXCC ní láti ní ẹ̀rí ìpàdé láti orílẹ̀-èdè àti agbègbè 100, Nàìjíríà sì jẹ́ ọ̀kan tí ó ń wá. Ó lè ti ń dẹtí sílẹ̀ fún 5N láti ìgbà pípẹ́ kó tó gbọ́ yín. Bí ẹ kò bá jẹ́rìí, ìpàdé yẹn kò ní wọ ìṣirò rẹ̀. Bí ẹ̀yin fúnra yín kò tilẹ̀ bìkítà fún àmì ẹ̀yẹ kankan, ẹ ṣe é nítorí tirẹ̀.

Inú lọ́ọ̀gì ni ẹ̀rí ti ń jáde

Lọ́ọ̀gì ni àkọsílẹ̀ gbogbo ìpàdé yín. Ẹ ra ìwé kan, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Mo mọ̀ pé kọ̀ǹpútà wà. Ṣùgbọ́n iná lè lọ, bátìrì laptop lè kú láàárín ìpàdé, ìwé àti bírò kò ní kú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú pátápátá, ẹ kó ohun tó wà nínú ìwé sínú kọ̀ǹpútà.

Fún ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ àmì ìpè ẹni náà, ọjọ́, aago, báńdì, irú ọ̀nà tí ẹ gbà sọ̀rọ̀, yálà SSB (ohùn ẹnu), Morse tàbí FT8 (èyí tí kọ̀ǹpútà ń bá kọ̀ǹpútà sọ), ròyìn bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ tí ẹ fún un àti èyí tí ó fún yín. Orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ dára láti ní, wọn kì í ṣe dandan.

Aago ló ti kó ọ̀pọ̀ nínú wa sí wàhálà. UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni gbogbo ham ń kọ. Aago Nàìjíríà fi wákàtí 1 ṣáájú UTC, bẹ́ẹ̀ ló sì rí láti January dé December, nítorí àwa kì í yí aago padà láàárín ọdún bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe. Bí aago bá lu 8 alẹ́ ní Adó, 19:00 UTC lẹ ó kọ. Ìyẹn rọrùn. Ọ̀gànjọ́ òru ni kí ẹ ṣọ́. Bí ẹ bá pàdé ẹnìkan ní aago 12:15 òru tí May 1 ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, 23:15 ti April 30 ló jẹ́ ní UTC. Wákàtí yí, ọjọ́ yí, oṣù náà yí.

Èmi fúnra mi kọ aago Nàìjíríà sínú lọ́ọ̀gì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Mò ń fi í ránṣẹ́ sí LoTW, ìkànnì tó ń fi lọ́ọ̀gì ẹni méjì wéra, mò ń dúró, ìpàdé kan ṣoṣo kò bára mu. Ìgbà tí bàbá àgbàlagbà kan láti Pólándì kọ í-meèlì sí mi, tó ní òun ti ń wá 5N lórí báńdì mítà 15 tipẹ́, tó sì bẹ̀ mí kí n jọ̀wọ́ wo lọ́ọ̀gì mi dáadáa, ni mo tó rí i. Àmì ìpè rẹ̀ wà níbẹ̀, wákàtí 1 gbáko la fi yàtọ̀ síra. LoTW kì í so ìpàdé pọ̀ bí aago ẹni méjèèjì bá fi ju ìṣẹ́jú 30 lọ yàtọ̀. Mo jókòó lóru ọjọ́ náà, mo tún aago gbogbo ìpàdé kọ, mo tún wọn fi ránṣẹ́, ẹ̀rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bí èéhù iṣu. Ó dùn mọ́ mi nínú. Síbẹ̀ ó ń dùn mí di òní pé bàbá yẹn dúró bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tí mo lè fi ọjọ́ kìíní yanjú. Ẹ wá aago kan, ẹ fi í sí UTC, ẹ gbé e kọ́ síwájú rédíò, kí ẹ má sì wo èyí tó wà lọ́wọ́ yín mọ́ tí ẹ bá ti jókòó.

Àwọn tó ń lo FT8 á ní WSJT-X, sọ́fítíwíà FT8, ń bá àwọn kọ UTC fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni, bí aago kọ̀ǹpútà bá tọ́. FT8 ń pín àkókò sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí aago yín bá fi bí ìṣẹ́jú àáyá 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀, ẹ ó máa gbọ́ ariwo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kankan kò ní tú. Laptop tòkunbọ̀ tí bátìrì aago inú rẹ̀ ti kú a máa sá padà sí ọdún àtijọ́ nígbà tí iná bá lọ. Ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín kí aago rẹ̀ tún ara rẹ̀ ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn aago, àmì ìpè ló kù tó ń ba ẹ̀rí jẹ́. Lórí ohùn, B, D, P àti T jọra létí, pàápàá bí ariwo bá pọ̀. Ẹ fi Alfa fún A, Bravo fún B, Charlie fún C pe tiyín, kí ẹ sì ka tirẹ̀ padà sí i létí. Ẹ má tijú láti bèèrè lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Ní Morse, àmì kúkúrú márùn-ún ni 5, mẹ́rin ni H. Bí ọwọ́ yín bá jẹ ẹyọ kan, 5N ti di HN, ẹni tó wà lọ́hùn-ún á sì kọ orúkọ ẹlòmíràn sílẹ̀.

Ìpàdé wo ló wá tó kọ? Èyí tí ẹ ti gbọ́ àmì ìpè rẹ̀ tán, tí ó ti gbọ́ tiyín tán, tí ẹ ti pààrọ̀ ròyìn, tí ẹ sì mọ̀ dájú pé ròyìn yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní FT8, RR73 tàbí RRR ló máa ń fi ìyẹn hàn. Bí ohùn rẹ̀ bá rì kí ó tó dé ibẹ̀, ẹ pè é padà. Bí kò bá dáhùn, ẹ má kọ ọ́ bí ẹni pé ó parí.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ẹ wà

Àwọn ham ń pín ayé sí àpótí àpótí, àpótí kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà méjì. Adó-Èkìtì wà nínú JJ27. Bí ẹ bá fẹ́ kó ṣe rẹ́gí sí i, ẹ fi lẹ́tà méjì kún un: àárín ìlú Adó bọ́ sí JJ27oo, Ìkógòsì níbi omi gbígbóná àti omi tútù bọ́ sí JJ27lo. Ẹ̀fọ̀n lápá ìwọ̀-oòrùn àti Òmùò lápá ìlà-oòrùn, JJ27 náà ni. Ọ̀tùn sún mọ́ etí JJ28 gan-an, nítorí náà kí ẹni tó wà níbẹ̀ fi GPS fóònù rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kọ́ nọ́ńbà méjì mìíràn sórí pẹ̀lú: gbogbo Nàìjíríà wà ní sóònù CQ 35 àti sóònù ITU 46 (sóònù ni ìpín ayé ńlá tí àwọn ham ń lò). Wọ́n á bi yín léraléra.

Lẹ́yìn náà, ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí QRZ.com, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ham kọ́kọ́ ń yà sí bí wọ́n bá gbọ́ àmì ìpè tuntun. Ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ fi ń jẹ́rìí síbẹ̀: ṣé LoTW ni, ṣé káàdì ni, ṣé méjèèjì ni. Ẹ má kọ àdírẹ́sì ilé yín. Àpótí pósọ́fíìsì ti tó, ó sì dára ju ilé lọ ní ìlú tí nọ́ńbà ilé kò ti sí lára ọ̀pọ̀ ògiri.

LoTW ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe

LoTW, Logbook of The World, jẹ́ ti ARRL, ẹgbẹ́ àwọn ham ní Amẹ́ríkà. Láti 2003 ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀yin bá kó lọ́ọ̀gì yín lọ síbẹ̀, tí ẹnìkejì náà kó tirẹ̀ lọ, tí àmì ìpè, báńdì, ọ̀nà àti aago sì bára mu, ìpàdé náà ti fìdí múlẹ̀. Kò sí pé ẹ ń kọ̀wé bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ kì í san owó láti kó lọ́ọ̀gì lọ. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rí náà gba àmì ẹ̀yẹ ni owó ń wọ̀ ọ́. Fún ẹni tó wà ní Èkìtì, tí lẹ́tà lè gba oṣù lọ́nà, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ ló gùn, ẹ fara balẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ gba TQSL, sọ́fítíwíà tó ń buwọ́ lu lọ́ọ̀gì, láti orí ìkànnì ARRL, ẹ fi í sórí kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò fún rédíò. Nínú rẹ̀, ẹ bèèrè fún ìwé ẹ̀rí àmì ìpè. Ó máa bi yín ní orílẹ̀-èdè, ẹ yan NIGERIA. Ó máa bi yín ní ọjọ́ tí ìpàdé yín bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọjọ́ tí láísẹ́ǹsì yín bẹ̀rẹ̀ sí i. Ẹ má fi ọjọ́ tí ẹ ń kún fọ́ọ̀mù sí i o, nítorí kò ní gba ìpàdé tó bá ṣáájú ọjọ́ tí ẹ kọ. Ọjọ́ ìparí, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo.

TQSL á ṣe fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .tq5. Ẹ fi í ránṣẹ́. Àwọn tí kò sí ní Amẹ́ríkà ní láti fi ẹ̀dà láísẹ́ǹsì àti ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ mìíràn tí ìjọba fún wọn ránṣẹ́ sí ARRL, bí àpẹẹrẹ páàsípọ́ọ̀tù tàbí láísẹ́ǹsì ìwakọ̀. Kí orúkọ tó wà lórí méjèèjì bára mu. Bí láísẹ́ǹsì bá kọ orúkọ àárín yín, tí ìwé kejì kò kọ ọ́, ẹ fi àlàyé kún un kí wọ́n má bàa dá a padà.

Nígbà tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, fáìlì .tq6 á dé nínú í-meèlì yín. Orí kọ̀ǹpútà tó ṣe .tq5 gan-an ni kí ẹ ti ṣí i. Bí ẹ bá ti nu gbogbo ohun inú kọ̀ǹpútà náà nù, tàbí tí ẹ ti tà á, .tq6 kò ní ríbi wọ̀, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé lọ́jọ́ tí ó bá wọlé, ẹ jẹ́ kí TQSL ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, fáìlì .tbk, kí ẹ fi í sórí flash kan, kí ẹ má fi flash náà gbọ́ orin. Ìwé ẹ̀rí náà ń lo ọdún 3. Kí ó tó parí, ẹ tún un gbà láti inú TQSL kan náà.

Ẹ wá ṣètò ibùdó yín: JJ27, sóònù CQ 35, sóònù ITU 46. Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ kékeré ló kù. Sọ́fítíwíà lọ́ọ̀gì yín á mú fáìlì .adi jáde, TQSL á buwọ́ lù ú, á sì fi ránṣẹ́. Dátà tó ń jẹ kò tó ti fọ́tò WhatsApp kan. Ẹ máa ṣe é ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá rí àṣìṣe lẹ́yìn náà, ẹ tún un ṣe nínú lọ́ọ̀gì yín kí ẹ tún un fi ránṣẹ́. Èyí tó ní àṣìṣe á wà níbẹ̀, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.

eQSL.cc àti Club Log, ìkànnì lọ́ọ̀gì méjì mìíràn, wà pẹ̀lú. eQSL ń fún yín ní káàdì aláwòrán lórí ẹ̀rọ, ó wuni láti wò, ṣùgbọ́n ARRL kì í gbà á fún DXCC. Ẹ lè fi lọ́ọ̀gì kan náà ránṣẹ́ sí méjèèjì. Bí agbára yín bá tó ọ̀kan ṣoṣo, LoTW ni.

Káàdì tí a fọwọ́ mú

Àwọn kan ṣì fẹ́ ìwé, pàápàá àwọn àgbà. Èmi náà fẹ́ ẹ. Ìwọ̀n tí a gbà ní àgbáyé ni sẹ̀ǹtímítà 14 ní gígùn àti 9 ní fífẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún onítẹ̀wé ní Adó kó tó gé páálí, nítorí ohun tí wọ́n mọ̀ ni káàdì ìpè ìgbéyàwó. Àwòrán wo lẹ máa fi síwájú? Àpáta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ lèmi yóò yàn, ẹni tó bá rí i kò ní gbàgbé. Ẹ kọ àmì ìpè yín gàdàgbà, "Ekiti State, Nigeria," JJ27 àti sóònù méjèèjì.

Ẹ̀yìn ni ẹ̀rí wà. Ẹ kọ àmì ìpè ẹni tí ẹ ń kọ ọ́ sí, ọjọ́, aago UTC, báńdì, ọ̀nà, ròyìn, kí ẹ buwọ́ lù ú. Ẹ fi lẹ́tà kọ oṣù, bíi 5 APR. Bí ẹ bá kọ 5/4, April 5 ni fún wa, May 4 ni fún ará Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ fa káàdì náà ya, kí ẹ mú òmíràn. Káàdì tí wọ́n fi bírò gé nǹkan lórí rẹ̀ kì í wọ ìṣirò. Ẹ má sì buwọ́ lu káàdì òfìfo fún ẹnikẹ́ni láéláé, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó.

Ọ̀nà méjì ló wà láti fi ránṣẹ́. Èkíní ni bureau, níbi tí ẹgbẹ́ ham orílẹ̀-èdè kan ti ń kó káàdì jọ ránṣẹ́ sí ti òmíràn. Owó rẹ̀ kéré, ó sì lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. NARS ni ẹgbẹ́ ham Nàìjíríà nínú IARU, àjọ àwọn ẹgbẹ́ ham àgbáyé. Ẹ bi wọ́n bí káàdì tó ń wọlé ṣe ń dé ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kí ẹ tó sọ fún ayé pé kí wọ́n gba bureau.

Èkejì ni tààrà. Ẹ fi káàdì yín sínú àpòòwé, pẹ̀lú àpòòwé kejì tí ẹ ti kọ àdírẹ́sì ara yín sí, àti owó sítáǹpù tí wọ́n máa fi dá a padà. Dọ́là bébà ni ọ̀pọ̀ ń fi sí i. Kúpọ́ọ̀nù ìdáhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IRC wà pẹ̀lú, ẹ bèèrè ní pósọ́fíìsì bóyá wọ́n ṣì ń lò ó. Ẹ má kọ àmì ìpè kankan sára àpòòwé. Àwọn olè mọ̀ pé owó máa ń wà nínú lẹ́tà ham. Orúkọ ènìyàn àti àdírẹ́sì, ó tó. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ wo ojú ewé rẹ̀ ní QRZ.com bóyá ó ní ẹni tó ń bá a bójú tó káàdì. Bí "via" àti àmì ìpè mìíràn bá wà níbẹ̀, ẹni yẹn ni kí ẹ kọ̀wé sí.

Bí ẹnìkan bá ní òun bá yín sọ̀rọ̀

Ẹ ó gba irú í-meèlì yìí: "Mo pàdé yín lọ́jọ́ báyìí, ẹ kò sí nínú LoTW." Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ ṣí ìwé àfọwọ́kọ, ibẹ̀ ni ẹ máa dúpẹ́ pé ẹ rà á. Ẹ wo ọjọ́ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ wo àmì ìpè tó fi lẹ́tà kan yàtọ̀ sí tirẹ̀ ní aago kan náà. Bí ẹ bá rí i tí ó hàn gbangba pé ọwọ́ yín ló ṣì í kọ, ẹ tún un ṣe.

Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ sọ fún un pé kò sí. Kí ó bẹ̀ yín, kí ó fi owó sínú lẹ́tà, ìdáhùn kò yí padà, kí ẹ sì dá owó rẹ̀ padà bí ọ̀nà bá wà. Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ló dá a lóhùn, tí ó rò pé ẹ̀yin ni. Ẹ fún un ní àkókò tí ẹ máa tún wà lórí báńdì yẹn kó lè pè yín. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn méjì, a sì pàdé ní tòótọ́ nígbà kejì.

Bí káàdì bá bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ẹ má tò wọ́n sí ara ògiri ní àkókò òjò, ọ̀rinrin á jẹ yíǹkì wọn. Ẹ má sì kó wọn sínú páálí sórí ilẹ̀, ikán Èkìtì kò mọ̀ pé láti Brazil ló ti wá. Inú ike onídèérí ni kí wọ́n wà, lórí tábìlì tí kò fara kan ògiri, kí ẹ sì máa ṣí i wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù.